Ìkóríta alafárá tó ń dí: ṣé ká wó o tún kọ́ ni, àbí ká tún ibi tó há ṣe?

Bí ọ̀nà márosẹ̀ méjì bá pàdé, àwọn ẹnjiníà kì í jẹ́ kí wọ́n kọlu ara wọn nílẹ̀. Wọ́n á gbé ọ̀kan gun orí afárá, wọ́n á fi àwọn ẹ̀ka ọ̀nà tó ká kọ́rọkọ̀rọ so méjèèjì pọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn lè yà sí àríwá láìdúró de iná tàbí ọlọ́pàá. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń pè ní interchange. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gómìnà á gé ríbọ́ọ̀nù, ọkọ̀ á máa lọ geere. Tó bá wá di ogójì ọdún lẹ́yìn náà, tí ọkọ̀ ti pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti di oúnjẹ òòjọ́, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ká wó gbogbo rẹ̀ ká tún un kọ́. Àwọn mìíràn á ní owó ìlú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ká tún ibi tó há ṣe, kó tán síbẹ̀.

Kéèyàn tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó mọ ohun tó ń dí i gan-an. Lénì kan ṣoṣo lórí márosẹ̀ lè gba nǹkan bí 2,000 ọkọ̀ ní wákàtí kan bí wọ́n bá ń lọ déédéé. Àìtó lénì nìkan kọ́ ló máa ń fa wàhálà. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gé ara wọn kọjá ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó bá ń gba Ọ̀wọ́rọ́ńṣòkí lọ sí Erékùṣù láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ń bọ̀ láti Gbàgádà àti àwọn tó ń bọ̀ láti Alápẹ́rẹ̀ pàdé kí wọ́n tó gun afárá Third Mainland. Danfó tó fẹ́ já èrò sílẹ̀ ń wá ọ̀tún, jíìpù tó fẹ́ sáré ń wá òsì, àwọn méjèèjì sì fẹ́ kọjá láàárín ìwọ̀nba ilẹ̀ kan náà. Dírẹ́bà kan á tẹ bíréèkì díẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tẹ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá fi máa kan ẹni ogún sẹ́yìn, ọkọ̀ ti dúró pátápátá, kò sì sí ìjàǹbá kankan níwájú tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí. Bí ọkọ̀ bá sì ti dúró báyìí, iye tó ń gba ibẹ̀ kọjá máa ń kéré ju iye tó ń kọjá tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé gosílóò fúnra rẹ̀ ń sọ ọ̀nà di kékeré sí i.

Bó bá jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ ti ń gé ara wọn yìí nìkan ló ní àrùn, àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ lè tó. Wọ́n lè fa ibi ìwọlé gùn kí ọkọ̀ ráyè rìn jọ kí wọ́n tó dàpọ̀. Wọ́n lè fi lénì kan kún ẹ̀ka tó ń há, tàbí kí wọ́n ti ẹ̀ka kan pa tí kò bá wúlò tó ìyọnu tó ń fà. Wọ́n sì lè kọ́ afárá kékeré kan ṣoṣo fún àwọn tó ń yà síbi tí èrò pọ̀ sí jù. Òjòdú Berger ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ nínú ìdènà ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń dúró lójú títì gbé èrò, èrò sì ń sáré gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ní 2017, ìjọba Ambode kọ́ ibi tí bọ́ọ̀sì lè yà sí, ó ṣe ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ sókè. Wọn kò wó márosẹ̀ náà. Ó mọ́gbọ́n dání, torí pé oògùn bá àrùn mu.

Ṣùgbọ́n irú àtúnṣe yìí ní àléébù kan tí àwọn olóṣèlú kì í sọ lọ́jọ́ ìṣíde. Bí o bá la ibì kan, gbogbo ọkọ̀ tó ti ń há síbẹ̀ á rọ́ dé ibi tó há tẹ̀lé e níwájú. Bó bá jẹ́ lénì mẹ́ta péré ló wà níwájú ibi tí o tún ṣe, tí o sì da lénì márùn-ún sínú rẹ̀, ńṣe lo kàn ṣí gosílóò nípò ni. Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ará ìlú bi ẹnjiníà ni pé: ọkọ̀ tí ẹ tú sílẹ̀ níbí, ibo ló ń lọ?

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá bó bá jẹ́ pé afárá fúnra rẹ̀ ló ti gbó. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti sán, kíkùn ọ̀dà kò ràn án. Ìlú Milwaukee ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Amẹ́ríkà, rí èyí láìròtẹ́lẹ̀. Ìkóríta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Zoo Interchange, torí pé ó wà nítòsí ọgbà ẹranko ìlú náà. Wọ́n kọ́ ọ ní 1963, ó sì ti di èyí tí ọkọ̀ ń gbà jù ní gbogbo Wisconsin, ó lé ní 300,000 ọkọ̀ lójúmọ́. Wọ́n ti ń jiyàn tipẹ́ bóyá òun ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí tàbí márosẹ̀ I-94 tó lọ sí ààlà Illinois. Nígbà tó di 2009, àwọn tó ń yẹ afárá wò rí i pé mẹ́ta nínú afárá ibẹ̀ ti ń bàjẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Wọ́n ní kí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá má gba orí wọn mọ́, wọ́n sì sáré kọ́ òmíràn rọ́pò wọn ní 2010.

Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé gbogbo èèyàn mọ̀ pé àwọn afárá tuntun yẹn kò ní pẹ́. Wọ́n kàn fi dá ẹ̀mí ibẹ̀ dúró ni, nígbà tí wọ́n ń múra àtikọ́ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Owó tí wọ́n ná sí wọn wúlò fún ọdún díẹ̀, wọ́n sì tún wó wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé àtúnṣe díẹ̀ ló dínwó jù gbọ́dọ̀ fi irú owó báyìí kún ìṣirò rẹ̀.

Ètò ìkọ́lé àtijọ́ ibẹ̀ tún ní àbùkù tí àtúnṣe díẹ̀ kò lè mú kúrò. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gba apá ọ̀tún títì wakọ̀ bíi tiwa, ọ̀tún ló yẹ kéèyàn ti yà kúrò lórí márosẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń rọra lọ wà. Àwọn tó kọ́ Zoo fi ẹ̀ka kan sí òsì, sínú lénì àwọn tó ń sáré. Tírélà tó fẹ́ yà á ní láti gé gbogbo lénì kọjá dé òsì, á sì dín eré kù níwájú ẹni tó ń bọ̀ bí ọfà. Béèyàn bá fẹ́ gbé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ padà sí ọ̀tún, afárá tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ní láti kúrò níbi tí wọ́n wà. Níbi tọ́rọ̀ bá dé yìí, títún un kọ́ látòkèdélẹ̀ ló kù.

Ó ná wọn lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Àárín ìkóríta náà parí ní 2018, ṣùgbọ́n apá àríwá ní láti dúró de owó. Ọdún 2021 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì parí ní 2023. Ìlú kan náà ti ṣe irú rẹ̀ láṣeyọrí ṣáájú, ní Marquette Interchange tó wà láàárín ìgboro, láti 2004 sí 2008, pẹ̀lú mílíọ̀nù 810 dọ́là. Ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo àkókò iṣẹ́ náà. Ìyẹn gan-an ló ń mú kí iṣẹ́ yìí wọ́n: o kò lè ti ìkóríta ìlú pa fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kan lo máa ń kọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọ̀nà kẹta wà, ìyẹn ni kéèyàn kàn máa tọ́jú ohun tó wà. Àwọn ará wa ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ ìkóríta alafárá tí wọ́n ń pè ní Spaghetti Junction, tí wọ́n ṣí ní 1972. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń wọ inú kọnkéré, ó sì ń mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Kàkà kí wọ́n wó o, wọ́n ń gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n ń tún un dà, wọ́n sì ń fi iná mànàmáná díẹ̀ sára irin náà kí ìpẹtà má baà tàn. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ní kí ìjọba àpapọ̀ gbé onírúurú ètò wò kí ó tó fi owó sí iṣẹ́ ńlá, kí "ká má ṣe nǹkan kan" sì wà lára wọn. Nítorí ìyẹn ni àríyànjiyàn Zoo ṣe gbòòrò ju bóyá ká wó o tàbí ká lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní ìlú náà pe ìjọba lẹ́jọ́ pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Milwaukee ni kò ní mọ́tò, pé bílíọ̀nù tó ń lọ sórí afárá kò ní gbé wọn dé ibiṣẹ́ tó wà ní ìgbèríko. Ní 2014, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà: ìjọba ìpínlẹ̀ gbà láti fi mílíọ̀nù 13.5 dọ́là sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì èrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ìkóríta náà ná wọn, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láìsí ẹjọ́ yẹn, wọn ì bá má rí kọ́bọ̀.