Kí Ni Otitis? Ọ̀rọ̀ Tí Dókítà Ẹranko Kọ Sórí Káàdì Tanímọ̀la

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Bàbá Káyọ̀, tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní Ìgbógbó, níbí ní Ìkòròdú, mú káàdì kan wá bá mi. Káàdì ajá wọn, Tanímọ̀la, ni. Dókítà ẹranko ti kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i: otitis externa.

"Bá mi wo nǹkan yìí, ọmọ mi. Àrùn wo ló tún dé? Orúkọ ẹ̀ ti le jù. Ó dájú pé owó ló fẹ́ gbà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Etí tó wú ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú otitis. Ìdajì àkọ́kọ́ túmọ̀ sí etí. Ìdajì kejì, itis, ni àwọn oníṣègùn máa ń so mọ́ orúkọ ẹ̀yà ara tó bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, tó sì ń dunni. Externa wá ń sọ pé ìta ni ọ̀ràn náà ṣì wà, nínú ihò etí, kò tíì kọjá ìlù etí, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ìparí ihò náà. Gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ nìyẹn. Kò sọ ohun tó wú etí náà. Bí ọmọ bá ní inú ń run òun, a ti mọ ibi tó ń dùn ún; a ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀wà tí kò jinná ni tàbí aràn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń sin ajá ti ń ṣìnà. Etí bá ti ń rùn, a ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìtì, a ó ra oògùn etí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn, a ó kán an sí i. Ní ọjọ́ kẹrin òórùn á lọ, a ó dá oògùn dúró. Kí oṣù tó parí, ajá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí. A ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa.

Ẹ jẹ́ ká wo etí ọ̀hún ná. Ihò etí tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tààrà wọlé. Ti ajá kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó tó wá yà wọ inú orí, bíi páìpù omi tí wọ́n fi ẹ́líbò so. Ìparí apá tó yà wọlé yẹn ni ìlù etí wà. Omi tó bá dé ẹ́líbò yìí kì í tètè jáde, èérí náà sì ń kó jọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìrẹsì sínú kúlà di ọjọ́ kejì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tó bá móoru, tó lọ́rinrin, tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ká má tíì wá sọ ti àwọn ajá tí etí wọn wó lulẹ̀ bo ihò náà, tí irun tún kún inú rẹ̀ bíi ti Lhasa Apso, irú ajá kékeré onírun gígùn kan. Etí ajá ìbílẹ̀ wa tó dúró ṣánṣán ń rí atẹ́gùn díẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí tiwọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ihò yẹn ni àwọn ayálégbé kan wà láti ilẹ̀. Ọ̀kan ni Malassezia pachydermatis, ohun tín-ín-tín tó jọ ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Òmíràn ni àwọn bakitéríà bíi Staphylococcus. Ajá tí ara rẹ̀ le náà ní wọn lára, wọn kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu. Àfi bí nǹkan kan bá mú kí ihò etí pọ́n, kó wú, kó máa sun omi. Nígbà náà ni ayálégbé á sọ ara rẹ̀ di onílé. Malassezia ló sábà máa ń mú ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀ bí epo wá, pẹ̀lú òórùn kan bíi ti ògì tí wọ́n gbàgbé omi sórí rẹ̀. Ti bakitéríà sábà máa ń jẹ́ ọyún. Oògùn tó ń pa èkíní kì í pa èkejì, bí ẹ bá sì pa àwọn méjèèjì láìwá ohun tó kọ́kọ́ wú etí náà, wọ́n ń padà bọ̀.

Kí ló wá kọ́kọ́ wú u? Ó lè jẹ́ kòkòrò Otodectes cynotis, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Ó pọ̀ lára àwọn ọmọ ajá, ó sì lè ti ara ìyá tàbí ti ológbò ràn wọ́n. Ìdọ̀tí tirẹ̀ dúdú, ó gbẹ, ó rí bí aáṣáà. Ó lè jẹ́ eégbọn tó ki orí bọlẹ̀ sínú etí. Ó lè jẹ́ omi: mo mọ ajá kan lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ̀ tí kò lè rí ọkọ̀ ojú omi kó má bẹ́ sódò, etí rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ṣùgbọ́n bí etí bá ń ṣe é, tó ń lọ, tó tún ń bọ̀, ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń fura sí ni àlẹ́jì, pé ara ajá náà kọ nǹkan kan, yálà nínú oúnjẹ tàbí ní àyíká. Ẹran màlúù, adìẹ àti wàrà wà lára àwọn oúnjẹ tí ara ajá ń kọ̀ jù. Èyí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, torí a rò pé ẹran ni ẹ̀tọ́ ajá.

Ní ti fífọ etí, ìyẹ́ adìẹ ni Bàbá Káyọ̀ fi ń họ Tanímọ̀la létí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń họ tiwọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́. Ìyẹ́ tàbí igi tí wọ́n we òwú mọ́ kò lè yí kọ́nà ẹ́líbò yẹn. Ṣe ló ń ti èérí wọ ìsàlẹ̀, bí ajá bá sì ta kìjí, ó lè lu ìlù etí. Omi ìfọtí tí wọ́n ṣe fún ajá la ń lò. Ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ di etí mú sókè, ẹ bu omi náà sí i títí tí ihò á fi kún. Má bẹ̀rù, kò ní dé ọpọlọ. Ẹ wá fọwọ́ pa ìdí etí láti ìta, ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti so mọ́ orí, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ ó gbọ́ ìró ṣàkà-ṣàkà bíi bàtà tó bomi. Lẹ́yìn náà ẹ sún sẹ́yìn. Ó máa gbọn orí, ìdọ̀tí á sì fò jáde, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi òwú nu ibi tí ìka yín lè dé nìkan.

Sípíríìtì ń ta etí tó bó bí ata. Hydrogen peroxide náà ń ta á, ó sì ń fi omi sílẹ̀ lẹ́yìn. Kẹrosíìnì àti ọ̀tápíàpíà tí àwọn kan ń dà sí i nítorí eégbọn jẹ́ májèlé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tí etí rẹ̀ kò ní ìṣòro kò sì nílò fífọ lójoojúmọ́, torí àfọ̀jù náà ń bó etí. Ẹ kàn máa wò ó, kí ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ó bá ń ké nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ má fọ nǹkan kan, ẹ gbé e lọ. Dókítà á fi iná wo inú ihò náà láti mọ̀ bóyá ìlù etí ṣì wà lódidi, nítorí bí ó bá ti ya, àwọn oògùn kan bíi gentamicin lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Yóò fi òwú mú díẹ̀ nínú ìdọ̀tí náà, yóò fi pa gíláàsì pélébé, yóò sì wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Iṣẹ́ kékeré yìí ló ń sọ bóyá Malassezia ni, bakitéríà ni, tàbí àwọn méjèèjì. Bàbá Káyọ̀ ní owó àyẹ̀wò yẹn ló dun àwọn jù. Èmi rò pé òun ló yẹ kí wọ́n san jù.

Bí a bá fi í sílẹ̀, otitis media ló ń tẹ̀ lé e, ìyẹn lẹ́yìn ìlù etí, lẹ́yìn náà interna, nínú lọ́hùn-ún. Orí ajá á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa pòòyì, á máa ṣubú. Àdúgbò á ní ó ti di ajá dìgbòlugi. Ẹ má fi ojú lásán dá ẹjọ́ yẹn o: ajá tí kò bá ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ẹ pe dókítà, kí ẹ sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá náà lásìkò. Orí gbígbọn pẹ̀lú lè já iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ewé etí, kó wú bíi pọfupọ́fù. Etí tó ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún lè le gbagidi, kí ihò rẹ̀ dí pátápátá, kó di pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó ń ṣe mí bíi pé etí ló ń dun òmíràn nínú wọn.

Malassezia ni wọ́n rí létí Tanímọ̀la. Dókítà tún bi Bàbá Káyọ̀ bóyá ajá náà ń lá àtẹ́lẹsẹ̀, torí àlẹ́jì ló ń fura sí. Wọ́n ní ó ń lá a tọ̀sán-tòru, àwọn rò pé ìmọ́tótó ni. Oògùn kíkán sétí ọ̀sẹ̀ 2 ni wọ́n gbà, kí wọ́n sì padà wá kí wọ́n tún wo gíláàsì, òórùn ì báà ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ kan ṣoṣo tí kò jẹ rí, fún ọ̀sẹ̀ 8, láìfi nǹkan kan kún un.

"Oògùn ò ṣòro," ni Bàbá Káyọ̀ wí, wọ́n ká káàdì náà sápò. "Àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́fà tó ń ju eegun adìẹ sí i lábẹ́ tábìlì ni mo ń rò."