Ògiri Wà Lára Sípíkà: Bí A Ṣe Ń Tún Klipschorn Àtijọ́ Ṣe

Ẹni tó bá ti gbójú sókè wo òrùlé mọ́ṣáláṣí rí ti mọ sípíkà oníwo: irin tó la ẹnu gbàgà, tí ọ̀fun rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ohun tó ń gbọ̀n nídìí rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ ìpè àdúrà á dé àdúgbò kejì. Ìwo yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ téèyàn bá fì lásán kò lè ti afẹ́fẹ́ dáadáa, nítorí pé afẹ́fẹ́ á yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀fun ìwo, afẹ́fẹ́ kò ríbi yà sí. Ohun tó ń gbọ̀n rí nǹkan tì, ìwo náà sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fi ìró lé ìta lọ́wọ́ láìjẹ́ kó ṣòfò. Ìdí kan náà ni ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò fi ń ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́nu.

Fún ohùn èèyàn, ìwo kékeré tó. Báàsì ló ṣòro. Ìgbì ohùn 40 Hz (ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn tó mítà 8 àbọ̀, ìwo tó bá sì máa gbé e jáde bó ṣe yẹ níta gbangba gbọ́dọ̀ ní ẹnu tó fẹ̀ ju mítà 2 àbọ̀ lọ láti etí kan dé èkejì. Ta ló fẹ́ gbé irú ẹ̀ sí pálọ̀? Àmọ́ bí a bá gbé ìwo sí kọ̀rọ̀ yàrá, níbi tí ògiri méjì àti ilẹ̀ ti pàdé, ìró kò ní ibi gbogbo láti fọ́n ká sí mọ́. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ààyè tó ní níta ló kù fún un, nítorí náà ẹnu ìwo lè kéré sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ògiri fúnra rẹ̀ á wá máa báṣẹ́ lọ láti ibi tí igi ti parí.

Èyí ni Paul Wilbur Klipsch dì mú. Ẹnjiníà tí wọ́n bí ní Indiana ní 1904 ni, ó ti bójú tó ọkọ̀ ojú irin oníná ní Chile rí, kí iṣẹ́ ológun tó gbé e dé ìlú Hope ní Arkansas nígbà ogun àgbáyé kejì. Ibẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1946, Klipschorn, sípíkà oníwo tí wọ́n ń gbé sí kọ̀rọ̀, ló sì kọ́kọ́ tà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun inú rẹ̀ ti yí padà léraléra. Àwọn ti àtijọ́, tí ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀ tí wọn ò lè ṣe nǹkan kan láìsí ògiri, ni àlàyé yìí dá lé.

Wúfà oníǹṣì 15, ẹ̀yà tó ń gbé báàsì jáde, wà ní ìpamọ́ láàárín àpótí. Èèyàn lè ní in fún ogún ọdún kó má fojú kàn án. Ìró rẹ̀ gba ojú ihò tóóró kan jáde, ó pín sí méjì, apá kan gòkè, apá kejì sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣẹ́rí padà sẹ́yìn, wọ́n sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tí ògiri ti ń dúró dè wọ́n. Báàsì nìkan ló lè gba irú ọ̀nà wíwọ́ bẹ́ẹ̀ láìbàjẹ́, nítorí pé ìgbì rẹ̀ gùn ju àwọn kọ́nà náà lọ fíìfíì. Nǹkan bí 400 Hz ni iṣẹ́ wúfà parí. Lókè àpótí ni ìwo kejì wà fún ohùn èèyàn, gìtá àti fèrè, túwítà oníwo kékeré, tó ń gbé ohùn òkè jáde, sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 6000 Hz.

Àǹfààní gbogbo wàhálà yìí ni pé wáàtì kan ṣoṣo á mú ìró tó nǹkan bí 104 dB (ìwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) jáde ní mítà kan sí i. Sípíkà pálọ̀ tó wọ́pọ̀ ń fún èèyàn ní nǹkan bí 87 dB, ìyẹn ni pé á nílò wáàtì 50 kó tó bá a dọ́gba. Abájọ tí àwọn tó ní Klipschorn fi ń lo áńpílífáyà oní-tube (èyí tó ní gíláàsì bíi gílóòbù), tí kò ju wáàtì 8 lọ nígbà mìíràn. Kónù sípíkà náà, ìyẹn apá tó ń gbọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn, nítorí náà ohùn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé orin jáde náà ló ń gbé hùn-ùn áńpílífáyà jáde. Èyí tí sípíkà mìíràn ti ń bò mọ́lẹ̀ tipẹ́ á wá di ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á ra èyí tó ti gbó, wọ́n á fi oṣù mẹ́ta ha igi rẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kò ní báàsì. Yàrá ló yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Sípíkà kọ̀ọ̀kan nílò kọ̀rọ̀ gidi, pẹ̀lú ògiri tó tẹ́jú tó mítà kan àti díẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láìsí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó sọ̀kalẹ̀ débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ pákó tí wọ́n fi pátákó ẹfun bò, ògiri wọn sì máa ń bá báàsì gbọ̀n. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó dì gbagidi, irú tiwa níbí, kò fún báàsì láyè àtijó bẹ́ẹ̀. Pákó ìdí ògiri tún máa ń ti sípíkà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka kan, àlàfo yẹn sì ti tó láti da nǹkan rú. A lè gé pákó náà, tàbí kí a fi fóòmù oníhò tí wọ́n fi ń wé páìpù omi dí etí ẹ̀yìn àpótí kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ilé kò bá ní kọ̀rọ̀ tó dára, àwọn kan máa ń kan páìlíwúùdù méjì tó nípọn pọ̀ ní igun gígún, wọ́n á sì gbé sípíkà síwájú rẹ̀. Kò lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ kéèyàn lè yí ojú sípíkà sí ibi tó wù ú, èyí tí kọ̀rọ̀ gidi kì í gbà.

Lẹ́yìn èyí la tó kan àpótí, èèyàn méjì ló sì yẹ kó gbé e, nítorí pé ó lé ní 75 kílò. Ilẹ̀kùn kékeré kan ni a ń gbà dé ibi tí wúfà wà. Ihò síkúrù rẹ̀ sábà máa ń ti jẹ, rọ́bà tó dí etí rẹ̀ á sì ti gbẹ. Yàrá ẹ̀yìn wúfà gbọ́dọ̀ dí pinpin. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbẹ̀, báàsì ti lọ nìyẹn. Rọ́bà tuntun àti síkúrù tó sanra díẹ̀ kì í wọ́nwó. Wúfà fúnra rẹ̀ kì í sábà yọni lẹ́nu, nítorí pé aṣọ tí wọ́n ká ní ìṣẹ́po ló yí etí kónù rẹ̀ ká, kì í jẹrà bíi fóòmù tó yí etí ọ̀pọ̀ sípíkà ọdún 1980. Túwítà ló máa ń jó. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná á sọ fún wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá wáyà inú rẹ̀ ti já.

Kúrọ́sọ́fà, ẹ̀yà tó ń pín ohùn fún wúfà, ìwo àárín àti túwítà, ni ọ̀gá ibi tí ọjọ́ orí ti ń hàn. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Type A, kàpásítọ̀ (ẹ̀yà iná tí kì í jẹ́ kí báàsì kọjá) oní-13 µF ló wà fún ohùn àárín, 2 µF fún túwítà, pẹ̀lú kọ́ìlì kan fún wúfà àti tiransifọ́mà kékeré tó ń dín ohùn àárín kù. Kàpásítọ̀ ayé ìgbà náà jẹ́ agolo tí epo wà nínú rẹ̀. Bó bá ti ń dàgbà, á máa ní ìdènà tí kò yẹ, ohùn òkè á sì máa ṣókùnkùn láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ fura, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá agolo náà lu: ọ̀pọ̀ epo bẹ́ẹ̀ ló ní PCB, kẹ́míkà olóró tí Amẹ́ríkà fòfin dè ní 1979. Kàpásítọ̀ polypropylene tó ní iye kan náà la fi ń pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí a bá tún apá kan ṣe tí a fi ìkejì sílẹ̀, olórin á máa kọrin láti apá kan ṣoṣo.

Ní ti yíyí i padà sí ìfẹ́ inú ẹni, èyí tó rọrùn jù náà ló gbọ́n jù. Tiransifọ́mà yẹn ní ojú tó pọ̀ tí a lè so wáyà mọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 3 dB ju èkejì lọ. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ṣófo, tí ohùn àárín ń gún létí, kàn máa ṣí wáyà kan lọ sí ojú mìíràn ni, kó sì jó lẹ́ẹ̀dì sí i. Ìwo irin ti ohùn àárín tún máa ń dún bí agogo bí a bá fi ìka kàn án. Irú rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn mọ́tò láti dín ariwo kù á pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn mìíràn a yọ ọ́ pátápátá, wọ́n a fi ìwo onígi rọ́pò. Ó lè dára gan-an, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ ti àtijọ́ nù, kí wọ́n má sì bo bébà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára, torí ẹni tó bá máa rà á lọ́la á bèèrè fún un. Àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà máa ń gbé iṣẹ́ kúrọ́sọ́fà fún DSP, ẹ̀rọ tó ń fi ìṣirò kọ̀ǹpútà ṣètò ohùn, kí ohùn òkè lè dúró de báàsì tó rin ọ̀nà jíjìn nínú àpótí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á nílò áńpílífáyà mẹ́ta fún sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Igi tó hàn síta kì í ṣe odindi. Awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ páìlíwúùdù. Ẹ̀rọ ìha á jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Ọwọ́, yanrìn bébà tó kúnná àti òróró igi ti tó. Bí aṣọ iwájú bá ti ya, ká gbé aṣọ tuntun sẹ́nu ká fẹ́ atẹ́gùn sí i: èyí tí èémí kò bá gbà kọjá, túwítà náà kò ní gbà á kọjá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nípò, ká fi orin tí gìtá báàsì rẹ̀ rinlẹ̀ sí i, ká fa sípíkà kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Bí báàsì bá rọ lójijì, tó sì padà wá gbagidi bí a ṣe tì í wọlé, ògiri ti gba iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí a máa gbé àga sí ló kù.