Against the Law (àwo orin Stryper)

Against the Law ni àwo orin tí Stryper, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Kristẹni láti ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1990. Ilé-iṣẹ́ Enigma Records ló gbé e sórí àtẹ, Tom Werman ló sì darí ìgbàsílẹ̀ rẹ̀. Àwo yìí ni ẹgbẹ́ náà fi bọ́ aṣọ dúdú àti ìyeyè tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n sílẹ̀. Òun náà ni orúkọ Jésù fi di àwátì nínú ọ̀rọ̀ orin wọn, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ sì kẹ̀yìn sí wọn. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí olórí akọrin wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà

Orange County ni Stryper ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́ sì ni Roxx Regime. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni àwọn méjì tó dá a sílẹ̀: Robert Sweet tó ń lu ìlù, àti Michael Sweet, àbúrò rẹ̀, tó ń kọrin tó sì tún ń ta gìtá. Oz Fox ni onígìtá kejì, Tim Gaines ló sì ń ta gìtá báàsì. Ní ọdún 1975 ni ìdílé Sweet di àtúnbí, nígbà tí wọ́n ń wo ìwàásù Jimmy Swaggart lórí tẹlifíṣọ̀n. Swaggart kan náà yìí ló wá di ọ̀kan lára àwọn oníwàásù tó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n jù lọ nígbà tí òkìkí wọn kàn, torí pé lójú rẹ̀, kò sí ohun tó lè so orin rọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ Ìhìnrere.

Inú Àìsáyà 53:5 ni wọ́n ti mú orúkọ Stryper: "nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá." Wọ́n ń tẹ ẹsẹ Bíbélì náà mọ́ àmì orúkọ wọn lẹ́yìn àwo. Ilà dúdú àti ìyeyè tí wọ́n fi dúró fún ìnà yẹn kò mọ sí ara aṣọ nìkan, ó wà lára gìtá, ó wà lára ìlù àti àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lẹ́yìn wọn lórí ìtàgé. Robert Sweet a máa gbé ìlù rẹ̀ sí ìhà kan, kí àwọn èrò lè máa rí gbogbo ara rẹ̀ bó ṣe ń lù ú. Bí eré bá wọra tán, àwọn olórin náà a kó Májẹ̀mú Tuntun jáde, tí wọ́n ti lẹ àmì ẹgbẹ́ wọn mọ́, wọn a sì máa jù ú sí àárín èrò. Àwọn kan nínú ìjọ rí i bí ọ̀nà tuntun láti tan ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ká; àwọn mìíràn ní àbùkù gbáà ni fún Ìwé Mímọ́.

Ìgbà òkìkí

Àwo kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, The Yellow and Black Attack, jáde ní ọdún 1984. Soldiers Under Command tẹ̀ lé e ní ọdún 1985, ó sì gba àmì wúrà, èyí tí wọ́n ń fún àwo tó bá tà tó 500,000 ní Amẹ́ríkà. To Hell with the Devil, tó jáde ní ọdún 1986, ló gbé wọn dé ibi tí ẹgbẹ́ heavy metal (rọ́ọ̀kì tí gìtá rẹ̀ ń dún kíkankíkan) ti Kristẹni kankan kò dé rí. Ó gba àmì platinum, ìyẹn mílíọ̀nù kan, orin ìfẹ́ inú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Honestly" sì wọ ipò kẹtàlélógún lórí Billboard Hot 100, ìwé ìtò àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. MTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń fi fídíò orin hàn, ń gbé fídíò wọn sáfẹ́fẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ń tẹ tẹlifóònù wọlé lójoojúmọ́ láti dìbò fún un.

Wàhálà kò tilẹ̀ jìnnà nígbà náà. Àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí ara àwo To Hell with the Devil, níbi tí àwọn áńgẹ́lì ti ń da èṣù sínú ọ̀gbun, ṣe àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé Kristẹni lójú bákan, wọ́n sì fi èèpo dúdú lásán tó ní àmì ẹgbẹ́ nìkan rọ́pò rẹ̀.

In God We Trust jáde ní ọdún 1988, òun náà sì gba àmì wúrà. Àwo yìí ni ìkùnsínú ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sì kọ́ ló fà á. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kún fún orúkọ Olúwa bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ráhùn sí ni pé orin náà ti rọ̀ jù, pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ títí gìtá fi pàdánù eyín rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi èyí sọ́kàn, torí pé àwo tó tẹ̀ lé e le ju èyí lọ dáadáa, síbẹ̀ kò tu àwọn tó ń ráhùn nínú.

Ohun tó yí padà ní ọdún 1990

Tom Werman kì í ṣe ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ orin ẹ̀mí. Òun ló darí àwọn àwo kan fún Cheap Trick, Mötley Crüe àti Poison, àwọn ẹgbẹ́ tí oníwàásù máa ń fi ṣàpẹẹrẹ bí ó bá ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa orin ayé. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ohùn Stryper bọ́ sílẹ̀ láti orí igbe tín-ín-rín tí Michael Sweet fi gbajúmọ̀, ó wá há díẹ̀. Gìtá gbára lé blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìlà orin ọlọ́lá tí gìtá méjèèjì máa ń jọ kọ pọ̀ bí ohùn akọrin ìjọ dín kù, ìlù sì wá síwájú.

Orin mọ́kànlá ló wà nínú àwo náà. Ìfẹ́ ni "Lady" ń sọ. "Two Time Woman" dá lórí obìnrin oníjìbìtì nínú ìfẹ́. "Shining Star" kì í ṣe tiwọn rárá; ẹgbẹ́ olórin Earth, Wind & Fire ló kọ ọ́ ní ọdún 1975, Stryper sì tún un kọ lọ́nà rọ́ọ̀kì, wọ́n ya fídíò fún un. Kò sí ọ̀rọ̀ rírùn nínú àwọn orin náà, ìwà tí wọ́n ń gbé lárugẹ kò sì burú. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀: kò sí ìyìn, kò sí àdúrà, kò sí ìpè sí ìrònúpìwàdà.

Wọ́n yí ìrísí wọn padà pẹ̀lú. Aṣọ awọ dúdú àti ṣòkòtò jínsì rọ́pò aṣọ onílà. Wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ padà, Àìsáyà 53:5 sì kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀

Michael Sweet ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2014. Àlàyé rẹ̀ ni pé ó ti sú wọn. Láti ọdún dé ọdún ni àwọn ará ìjọ ti ń pè wọ́n ní ìkookò tó gbé àwọ̀ àgùntàn wọ̀, nígbà tí àwọn olórin ayé náà ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí Bíbélì tí wọ́n ń jù. Wọ́n wá fẹ́ kí aráyé gbọ́ wọn bí olórin, kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn dá wọn lẹ́jọ́. Ó tún jẹ́wọ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń mu ọtí ní àsìkò yẹn, pé ìgbé ayé wọn kò bá ohun tí wọ́n ń wàásù mu mọ́. Bí a bá wò ó báyìí, ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n yí padà fi ibi tí ọkàn wọn wà hàn ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Bí àwọn olólùfẹ́ ṣe gbà á

Ọ̀dọ́ Kristẹni tó fẹ́ràn heavy metal ní àwọn ọdún 1980 ń gbé láàárín iná méjì. Òbí àti pásítọ̀ ń sọ fún un pé orin èṣù ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé sì ń sọ pé orin ṣọ́ọ̀ṣì kò lè dùn. Stryper ni ìdáhùn rẹ̀ fún ìhà méjèèjì. Ó lè gbé àwo náà síwájú ìyá rẹ̀, kí ó nawọ́ sí ẹsẹ Bíbélì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ náà kúrò níbẹ̀, ẹ̀rí tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn tó sì ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ayé ni yóò gbẹ̀yìn àwọn ọmọkùnrin náà wá rí ohun wí. Ìdí nìyí tí ìbànújẹ́ náà fi jinlẹ̀ ju ti olólùfẹ́ tí orin kàn ṣe aláìdùn sí létí lọ.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù Kristẹni kan kọ̀ láti ta àwo náà. Àwọn olólùfẹ́ orin ayé tí wọ́n ń retí kò wọlé tó bẹ́ẹ̀, torí pé lójú wọn, Stryper ṣì ni ẹgbẹ́ tó ń ju Bíbélì. Àwo náà kò gba àmì wúrà bí àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Àsìkò pàápàá kò bá wọn ṣe é: Enigma Records kógbá wọlé láìpẹ́ sí ìgbà náà, nígbà tó sì fi di òpin ọdún 1991, Nevermind, àwo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Nirvana, ti dé, irú rọ́ọ̀kì onírun gígùn tí gbogbo wọn ń ṣe sì ti ń kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ìṣubú náà ru ọ̀rọ̀ orin nìkan. Ẹgbẹ́ tó mú aṣọ ìyeyè rẹ̀ dání náà ìbá ṣòro fún láti la ọdún 1992 já.

Ẹ̀yìn rẹ̀

Can't Stop the Rock, àkójọ àwọn orin wọn àtẹ̀yìnwá, jáde ní ọdún 1991. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, Michael Sweet fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì gbé àwo ti ara rẹ̀ jáde ní ọdún 1994, èyí tó padà sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ láìfi bò. Àwọn mẹ́ta tó kù gbìyànjú fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó tú ká.

Ní ọdún 2003, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún pàdé fún ìrìn-àjò eré káàkiri Amẹ́ríkà, ilà dúdú àti ìyeyè sì padà sára wọn. Reborn jáde ní ọdún 2005. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti Kristẹni gbangba, àmọ́ ohùn rẹ̀ jẹ́ ti rọ́ọ̀kì ìgbàlódé, àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ sì tún ráhùn pé ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀ kò tó. Nígbà tí wọ́n ṣe Second Coming ní ọdún 2013, tí wọ́n tún àwọn orin wọn àtijọ́ gbà sílẹ̀, inú àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ti mú wọn. Wọn kò fọwọ́ kan èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1986. No More Hell to Pay, tó jáde ní ọdún kan náà, dá gìtá méjì tó ń jọ kọrin padà.

Láàárín àwọn tó ń gbọ́ irú orin yìí, ìyàtọ̀ èrò lórí Against the Law kò tíì parí. Àwọn kan kò tíì gbọ́ ọ tán láti ọdún 1990. Àwọn mìíràn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré nígbà tó jáde tàbí tí wọn kò tíì bí wọn, sọ pé òun ni àwo tí ẹgbẹ́ náà ti ta gìtá dára jù, wọ́n sì máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ orin inú rẹ̀ lórí ìtàgé.