Ọ̀rá Pẹ́pẹ́yẹ àti Ọṣẹ Olóró: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Iṣẹ́ Gbígbé Òkú Ẹyẹ Omi Ró

Ọ̀tá méjì ló ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ kí òkú pẹ́pẹ́yẹ igbó ṣì dà bí alààyè lẹ́yìn ogún ọdún: kòkòrò àti ọ̀rá. Àwọn tó ń pìtàn taxidermy, ìyẹn iṣẹ́ bíbó awọ ẹranko tàbí ẹyẹ kí a sì gbé e ró sórí ara àtọwọ́dá, sábà máa ń sọ bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun kòkòrò, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Fún ológoṣẹ́ àti àwọn ẹyẹ orí igi, ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀. Fún àwọn ẹyẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́, ìdajì ìtàn ni, torí pé ọ̀tá kejì yẹn tún yọ àwọn oníṣẹ́ lẹ́nu fún nǹkan bí igba ọdún sí i.

Lọ́dún 1555, Pierre Belon, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ ìwé lórí ẹyẹ, ti ṣàlàyé bí a ṣe lè kó ìfun ẹyẹ jáde, kí a ki iyọ̀ sínú rẹ̀, kí a sì jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀kan lára àwọn tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ẹyẹ àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú pa mọ́ wà ní Westminster Abbey ní London títí dòní. Odídẹrẹ́ ni, ti Frances Stuart, Duchess of Richmond. Obìnrin náà kú lọ́dún 1702, ẹyẹ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Nígbà tí wọ́n fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé gbogbo egungun rẹ̀ ṣì wà nínú, títí kan agbárí. Odídẹrẹ́ ò lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe, lójú tèmi. Èmi ò rò pé pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n bá ṣe báyẹn lè bá wa dé òní.

Ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìfẹ́ àtikó ẹyẹ jọ gba ọkàn àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. René-Antoine Ferchault de Réaumur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1748 lórí bí wọ́n ṣe lè fi òkú ẹyẹ ránṣẹ́ láti ìlú òkèèrè láìjẹrà: wọ́n lè rì í sínú ọtí líle, wọ́n sì lè yan án gbẹ nínú ààrò. Ẹyẹ á dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ díẹ̀ nínú àpótí, ìdin kòkòrò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìyẹ́ àti awọ rẹ̀, títí yóò fi ku eruku.

Apòògùn kan ní ìlú Metz, nílẹ̀ Faransé, ló rí ojútùú sí i. Jean-Baptiste Bécoeur lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń sọ pé nǹkan bí ọdún 1743 ló rí i. Ó po arsenic, oró líle kan, mọ́ ọṣẹ, káńfọ̀, iyọ̀ tartar àti ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ọṣẹ náà ló ń jẹ́ kí oró lẹ̀ mọ́ inú awọ nígbà tí awọ ṣì tutù. Bó bá gbẹ tán, kòkòrò tó bá fẹnu kàn án ti kú. Bécoeur kò sọ àdàlú náà fún ẹnikẹ́ni ní gbangba. Ó kú ní 1777, ó sì di 1803 kí Louis Dufresne, tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù ìlú Paris, tó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé atúmọ̀ kan lórí ẹ̀dá. Láti ìgbà náà lọ, ọṣẹ olóró yìí di ti gbogbo ayé. Àwọn kan ṣì ń lò ó títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù fi ń wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó gbé ẹyẹ àtijọ́.

Kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ló gba arsenic. Charles Waterton, ará England tó ní oko mọ̀lẹ́bí ní Demerara, èyí tó di ara Guyana lónìí, máa ń rẹ awọ sínú ọtí tó pò mọ́ oró mẹ́kúrì. Ó kọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n kó lẹ́rú níbẹ̀, John Edmonstone, ní iṣẹ́ náà. Edmonstone gba òmìnira, ó sì ń fi iṣẹ́ ẹyẹ jẹun ní Edinburgh. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ gba ẹ̀kọ́ ní 1826, tó ń sanwó fún un. Charles Darwin ni ọ̀dọ́ náà, ẹni tó wá di gbajúmọ̀ nítorí àbá ẹfolúṣọ̀n. Ọgbọ́n tí Edmonstone fún un ló fi tọ́jú awọ ẹyẹ tó kó jọ nígbà ìrìn àjò rẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun Beagle. Ẹni tó kọ́ Darwin níṣẹ́ yìí tọ́ sí ju ìlà méjì tí ọ̀pọ̀ ìwé ń fún un lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí pẹ́pẹ́yẹ. Bí a bá ń bó ẹyẹ kékeré, a óò la àyà rẹ̀, a óò yọ ara kúrò, a óò wá yí awọ náà padà gba ọrùn kọjá orí, bí ìgbà tí ọmọdé ń bọ́ ẹ̀wù ọlọ́rùn tóóró. Orí pẹ́pẹ́yẹ tóbi ju awọ ọrùn rẹ̀ lọ, ẹni tó bá fipá fà á yóò fà á ya. Nítorí náà ni àwọn àgbà oníṣẹ́ ṣe kọ́ àtila ibì kan sí i, ní ìpàkọ́ tàbí lábẹ́ ọ̀fun, kí wọ́n gba ibẹ̀ yọ agbárí, kí wọ́n fọ ọpọlọ dànù, kí wọ́n sì rán an padà. Ìyẹ́ ló ń bo ojú rírán náà. Bí ẹyẹ bá máa dúró bí èyí tó léfòó, àwọn kan máa ń la ẹ̀yìn rẹ̀ dípò àyà, kí ìyẹ́ funfun tó wà níwájú má bàa dọ̀tí.

Èyí rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá. Ẹyẹ tó ń gbé inú omi tútù nílò ọ̀rá kí òtútù má pa á. Ọ̀rá yìí wọnú awọ, ó yí gbòǹgbò ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ká. Kókó olóròóró kan tún wà lókè ìrù, tí ẹyẹ fi ń ra ìyẹ́ rẹ̀ kí omi má lè wọ̀ ọ́. Bí a bá gbàgbé ẹ̀ sínú awọ, wàhálà dé. Bí ọ̀rá bá ṣẹ́ kù, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di kíkan, á pọ́n, á máa ṣun sórí ìyẹ́ àti ẹsẹ̀, yóò sì jẹ awọ náà títí yóò fi máa fọ́ bí èépá. Arsenic kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Nínú àpótí àtijọ́, ẹ lè rí pẹ́pẹ́yẹ tí kòkòrò kò fẹnu kàn rárá, síbẹ̀ tí àyà rẹ̀ ti pọ́n, tó sì ti sán.

Ohun tí wọ́n ní ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀bẹ, sùúrù, POP àti ìyẹ̀fun igi tí wọ́n ń wọ́n sí i láti fa epo náà mu. Bí ẹyẹ náà ṣe máa rí lójú ẹni tó ń wò ó ló gbà wọ́n lọ́kàn jù. John Hancock ti ìlú Newcastle kó ẹyẹ wá sí àfihàn ńlá London ní 1851, ìdúró àwọn ẹyẹ náà sì jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé iṣẹ́ ọnà ni. Edward Booth ṣí mùsíọ́mù tirẹ̀ ní Brighton ní 1874, ó to ẹyẹ sínú àpótí tó ní koríko àti àpáta bíi ti ibùgbé wọn. Gustaf Kolthoff ṣe irú rẹ̀ tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Stockholm ní 1893. Ní Rochester, Amẹ́ríkà, àwọn oníṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1880 kí wọ́n lè máa fi iṣẹ́ wọn han ara wọn.

Àwọn ọdẹ ló gbé iṣẹ́ pẹ́pẹ́yẹ jáde kúrò ní mùsíọ́mù. Òfin Amẹ́ríkà ti 1918 kò fàyè gba títa ẹyẹ igbó tó ń ṣí láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Láti 1934, ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ gbọ́dọ̀ ra sítáǹbù ìjọba, dọ́là kan sì ni ti àkọ́kọ́. Ọdẹ lè gbé èyí tó pa ró fúnra rẹ̀. Bó bá gbé e fún oníṣẹ́, oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ẹyẹ náà sì gbọ́dọ̀ ní àmì tí ọdẹ fọwọ́ sí, tó sọ irú ẹyẹ tó jẹ́ àti ọjọ́ tó pa á. Wọn ò lè tà á, ògiri ilé ló ń lọ.

Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ tí àwọn ọdẹ ń gbé wá pọ̀ tó báyìí, kò ṣeé ṣe mọ́ kí àwọn oníṣẹ́ máa fi ọ̀bẹ ha ọ̀rá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìpọ́nrin oníná tó wà lórí tábìlì ni wọ́n yí padà: wọ́n yọ òkúta rẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin sí i, wọ́n sì ń gbé inú awọ sún mọ́ ọn bó ṣe ń yí. Ó ń gbá ọ̀rá kúrò láàárín gbòǹgbò ìyẹ́ níbi tí ọ̀bẹ kò lè dé. Ó sì ń ya awọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń fi ọṣẹ ìfọ̀wo fọ awọ náà léraléra, wọ́n á tún fi kẹ́míkà tó ń já ọ̀rá fọ̀ ọ́, wọ́n á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ìhùùhù abẹ́ ìyẹ́ yóò fi wú. Lójú mi, irinṣẹ́ yìí ṣe fún ẹyẹ omi ohun tí ọṣẹ Bécoeur kò lè ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbé e lárugẹ nínú ìwé. Bórákìsì, ìyẹ̀fun funfun kan tí oró rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ti rọ́pò arsenic ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Ara tó ń wọ inú awọ náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, igi tí wọ́n fá wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi òwú dì. Fóòmù ló wọ́pọ̀ báyìí. Wáyà ló ń gba ẹsẹ̀, apá àti ọrùn wọlé. Wọ́n máa ń fi pínnì tẹ́ awọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ sórí páálí kó má bàa ká kò nígbà tó bá ń gbẹ. Àgógó pẹ́pẹ́yẹ máa ń sún kì, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń lo orí àtọwọ́dá, wọ́n á sì kùn ún.

Orí àtọwọ́dá yìí ni kò wọlé sí yàrá àwọn onímọ̀ ẹyẹ. Ẹni tó fẹ́ wọn gígùn àgógó kò lè fi èyí tí wọ́n rọ wọ̀n ọ́n. Nínú dúrọ́ọ̀ mùsíọ́mù, pẹ́pẹ́yẹ máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja ni, wáyà ò gbé e ró, òwú ló wà lójú rẹ̀, àgógó rẹ̀ gan-an sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń sọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i.