Ìmọ́nilára ni, kì í ṣe “ìsọdẹni-àwùjọ” ọmọ ológbò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Kubwa, l'Ábùjá, ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́ ọmọ ológbò. Ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ, àfi ìgbà tó kan ohun tí òyìnbó ń pè ní socialization. “Ìsọdẹni-àwùjọ” ló pè é. Ó dùn mí. Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn kúkú gbé òyìnbó náà bó ṣe wà, wọ́n ní àwọn ti “sóṣáláísì” ológbò àwọn. Ìyẹn náà ò ṣàlàyé nǹkan kan.

Ìmọ́nilára ni mo ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Ta ni kì í sọ pé “ó ti mọ́ mi lára” nínú wa? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè Ọya á máa ráhùn ọyẹ́. Tó bá fi máa di ọdún kẹta, ọyẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn: kí ọwọ́ èèyàn, òórùn èèyàn àti ohùn èèyàn mọ́ ọmọ ológbò lára, débi pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá wa kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ ní Garki ní ìwà burúkú nìkan là ń sọ pé ó mọ́ni lára, bíi tábà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìwẹ̀ àárọ̀ ńkọ́? Títètè jí ńkọ́? Wọ́n tún ní èèyàn á ṣì í kà sí ìmọ̀lára. Àmì ohùn wà, “ni” àárín ọ̀rọ̀ náà sì wà fún ẹni tí kò bá fi àmì sí i. “Ìtùlójú” ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó wà nínú Bíbélì, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ya ẹhànnà là ń tù lójú. Ọmọ ológbò ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta kò tíì ya ohunkóhun.

Ẹ wo ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Nyanya. Kó tó pé ọdún márùn-ún, ó ti ń sọ Hausa bí ẹní mumi, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ tó dé síbẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, iye owó tòmátì nìkan ló gbọ́. Bí ọmọ ológbò ṣe rí nìyẹn, àmọ́ àsìkò tí èèyàn fi ń tètè mọ́ ọn lára kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje. Eileen Karsh ní Yunifásítì Temple, Philadelphia, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980: àwọn ọmọ ológbò tí wọ́n ń gbé mọ́ra fún ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́ ń sún mọ́ èèyàn ju àwọn oníṣẹ́jú 15 lọ. Ọmọ Nyanya yẹn kò sì gbọ́ Hausa lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ pọ̀: ìyàwó, àwọn ọmọ, mégádì tó ń fi Hausa pè é ní mage. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹyọ ẹnìkan ló mọ̀, bí àlejò bá wọlé, abẹ́ àga ló máa sá sí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyá ológbò kan bí mẹ́ta sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ wa. Wọ́n tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí mo rí wọn. Mi ò kiwọ́ mú wọn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó, mo tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, omi ẹja wà ní ìka mi. Èyí tó dúdú nínú wọn rọra wá, ó gbóòórùn ìka, ó fà sẹ́yìn, ó tún wá. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù mí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, àyà rẹ̀ ti ń kùn lábẹ́ ìka mi.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n ni kí ẹ máa họ fún un, ẹ fi ikùn sílẹ̀. Okùn ni kí ẹ fi bá a ṣeré, kì í ṣe ìka. Ẹ má sì tìtorí kí ọwọ́ yín lè mọ́ ọn lára gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ lọ bá a níbi tí ìyá rẹ̀ wà.

Èyí tó ti pé ọdún kan nínú gọ́tà Karu, tí ọwọ́ èèyàn kò kàn án rí, ìtùlójú ni tìyẹn. Mo gbà fún ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀.