Ta Ló Ni Sìmẹ́ǹtì Ashaka? Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣíà Kékeré Mọ̀

"Lọ́yà, ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará Ṣáínà ti ra Ashaka?" Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nìyí lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Lugbe àti àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní ọjà Dei-Dei. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Holcim, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Switzerland, kéde pé òun ń ta ìdá 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà Lafarge Africa fún Huaxin Cement ti ilẹ̀ Ṣáínà. Oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n parí rẹ̀. Ashaka tó wà ní ìpínlẹ̀ Gombe, tó jẹ́ ti Lafarge Africa, bá a lọ; Ewékorò àti Ṣàgámù nílé lọ́hùn-ún náà bá a lọ.

Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni, "Ṣé wọn ò ní í kó gbogbo ẹ̀ lọ báyìí?" Iṣẹ́ ìwé ilé-iṣẹ́ ni mò ń ṣe ní Àbújá: ìforúkọsílẹ̀, ìpàdé àwọn oníṣíà, títà àti ríra ilé-iṣẹ́. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa, torí ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rù sí kọ́ ni ewu wà, ibi tí ewu wà gan-an, a ò wo ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Ewékorò. Láti 1960 tó ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ òyìnbó ò fìgbà kan kúrò níbẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un ní tirẹ̀ nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wá ń pè ní Blue Circle náà ní tirẹ̀. Ní 2001, Lafarge ti ilẹ̀ Faransé ra Blue Circle. Ní 2015, Lafarge àti Holcim di ọ̀kan. Ó wá kan Huaxin wàyí. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, mélòó nínú àwa tó ń ra àpò sìmẹ́ǹtì ló mọ̀ pé ẹni tó ni ín ti yí padà?

Orúkọ kì í sì í sọ ẹni tó ni nǹkan. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Àbújá mọ Julius Berger, ó sì dá a lójú pé ti àwọn Jámánì ni. Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Bilfinger tó jẹ́ ìyá rẹ̀ ti ta ṣíà tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà sì ni èyí tó pọ̀ jù wà báyìí. Indomie tí àwọn ọmọ wa gbà pé oúnjẹ ilé wa ni, Tolaram ti Singapore ló wà nídìí ẹ̀. Heineken ti Netherlands ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú Nigerian Breweries tó ń ṣe Star. Chivita ńkọ́? Coca-Cola ra ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é tán pátá ní 2019. Ní 2025, UAC ti Nàìjíríà rà á lọ́wọ́ Coca-Cola. UAC ọ̀hún fúnra rẹ̀, ọmọ Unilever ni tẹ́lẹ̀ rí.

Ìgbà kan wà tí òfin dí àjèjì lọ́wọ́. Ìjọba Gowon ṣe òfin kan ní 1972. Èyí tí ìjọba Ọbásanjọ́ fi rọ́pò rẹ̀ ní 1977 pín òwò sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà nìkan, èyí tí ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìdá 40. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ra ṣíà tí ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí dòní. Òfin NIPC, àjọ tó ń pe àwọn olókòwò wá sí Nàìjíríà, ti 1995 ló fòpin sí i. Láti ìgbà náà, àjèjì lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbí kó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, àyàfi nínú ṣíṣe ohun ìjà, oògùn olóró àti aṣọ ológun. Àwọn òfin mìíràn tún fi ààlà sí iṣẹ́ ọlọ́dẹ aládàáni, rédíò àti tẹlifíṣàn, àti ọkọ̀ ojú omi tó ń kẹ́rù láti èbúté wa kan sí òmíràn. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ibi báyìí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé "kí ló dé tí ìjọba fi gbà wọ́n láyè?" yẹ kó mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òfin ti gbà wọ́n láyè.

Ibi tó yẹ ká máa wò ni ọ̀nà tí owó ń gbà jáde. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀, wọn ò sì rí bákan náà fún oníṣíà kékeré.

Èkíní ni dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn oníṣíà. Nígbà tí àjèjì bá kó owó wọlé, báńkì máa fún un ní ìwé ẹ̀rí pé owó wọlé lóòótọ́; ìwé yẹn ló máa fi ra dọ́là lọ́nà tó bófin mu nígbà tó bá fẹ́ kó èrè rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Iye kọ́bọ̀ tí wọ́n bá pín lé orí ṣíà kan tirẹ̀, òun náà ni wọ́n máa pín lé orí ṣíà kan tiyín. Tí ọwọ́ tirẹ̀ bá kún, tiyín náà ò ní í ṣófo.

Èkejì ni owó orúkọ àti ìmọ̀. Ẹ wo Guinness Nigeria. Ní 2024, Diageo ta ìdá 58.02 tó ní nínú rẹ̀ fún Tolaram. Tolaram ló wá ni ilé-iṣẹ́, àmọ́ orúkọ Guinness àti bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí náà ṣì jẹ́ ti Diageo. Àdéhùn wà pé kí Guinness Nigeria máa sanwó fún un kó lè máa lo orúkọ náà. Irú owó báyìí máa ń jáde kí wọ́n tó ṣírò èrè, ẹni tó ni orúkọ nìkan ló sì ń gbà á. Oníṣíà kékeré ò sí nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin 1979 fi dá iléeṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní NOTAP sílẹ̀, tó wà ní Àbújá níbí. Àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn; tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí wọn, báńkì kò gbọ́dọ̀ fi owó náà ránṣẹ́ sókè òkun. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọn, ó sì dùn mí pé ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni gbèsè. Ìyá ilé-iṣẹ́ lè yá ọmọ rẹ̀ níbí lówó dọ́là. Nestlé Nigeria jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, gbèsè dọ́là tó ti wà nílẹ̀ di òkè lórí ìwé náírà, ilé-iṣẹ́ náà sì fi àdánù bílíọ̀nù 79.5 náírà parí ọdún. N ò sọ pé ìyá ilé-iṣẹ́ hùwà àìtọ́. Lásìkò tí báńkì wa ò rí dọ́là tà, ta ni ì bá yá wọn? Àmọ́ ẹ rí i pé owó tí ọmọ jẹ ìyá kò dín kù, nígbà tí oníṣíà ń wo ilé-iṣẹ́ tí kò rí nǹkan pín. Nínú ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan wà tí wọ́n ti ń kọ gbogbo òwò tí wọ́n bá ìyá àti àwọn ọmọ ìyá wọn ṣe. Òun ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí, kí n tó wo èrè.

Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí tí mo ń sọ? Torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ yìí wà lórí ọjà ṣíà ni, ọjà náà sì fi dandan lé e pé kí wọ́n máa gbé ìṣirò wọn jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kì í ṣe pé àjèjì ra ilé-iṣẹ́ ló ń kọ mí lóminú. Ìgbà tó bá ra ìyókù tán, tó yọ ọ́ kúrò lórí ọjà, ni àyà mi máa ń já, torí láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀kùn ti tì. Nigerian Bottling Company tó ń ṣe Coca-Cola fún wa kúrò lórí ọjà ní 2011. Seven-Up tẹ̀ lé e ní 2018. Ashaka fúnra rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ lórí ọjà nígbà kan, kí Lafarge tó kó o mọ́ra tán. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí Ashaka nìkan pa ní Gombe ní láti máa wá a láàárín ìṣirò gbogbo Lafarge Africa.

Ìyọkúrò yìí kì í ṣẹlẹ̀ láìsí lẹ́tà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Kubwa gbé tirẹ̀ wá bá mi nínú ọ̀rá, ìwé ńlá kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà kọ láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, owó ni wọ́n ní kí n wá gbà ni, àbí ẹjọ́ ni wọ́n pè mí?" Mo ní, "Kì í ṣe ẹjọ́, Bàbá. Wọ́n fẹ́ ra ṣíà yín ni." Ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n pè é sí ti kọjá. Wọ́n ti dìbò, iye tí wọ́n dá lé ṣíà rẹ̀ sì ni iye tó máa gbà. Láti 1977 ló ti ní ṣíà yẹn. Ó wo ìwé náà títí, kò sọ nǹkan kan, inú mi ò sì dùn lọ́jọ́ náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òfin ṣe rí, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Àwọn tó bá wá sípàdé fúnra wọn tàbí tí wọ́n rán aṣojú, tí wọ́n sì dìbò, nìkan ni òfin ń kà. Tí àwọn tó gbà bá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ṣíà tí wọ́n fi dìbò, tí ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i, ó ti de gbogbo oníṣíà, àtẹni tó lọ àtẹni tó jókòó sílé. Nítorí náà, ẹni tí kò dìbò ti gbé ìbò rẹ̀ fún àwọn tó dìbò.

Ó sì rọrùn láti dìbò láì kúrò ní Àbújá. Lẹ́yìn ìwé yẹn ni fọ́ọ̀mù aṣojú máa ń wà. Ẹ ó kọ orúkọ yín sókè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ṣíà, ẹ ó sì kọ orúkọ ẹni tó máa dúró fún yín. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí àpótí méjì níwájú ìpinnu kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ẹni tó fara mọ́ ọn, èkejì fún ẹni tí kò fara mọ́ ọn. Ẹ fi àmì sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ buwọ́ lù ú, kó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn rẹ́jísítírà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn oníṣíà, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú ìpàdé. Ẹ má fi àpótí sílẹ̀ lófìfo o. Aṣojú tẹ́ ẹ fún ní òfìfo máa dìbò bó ṣe wù ú. Kẹ́ ẹ tó fi àmì sí i, ẹ fi owó tí wọ́n fẹ́ san wé iye tí ṣíà náà ń lọ lórí ọjà láàárín ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn. Tó bá kéré, ẹ má gbà.

Ẹ má sì rò pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníṣíà kékeré. Àwọn tó ni PZ Cussons fẹ́ ra ìyókù ṣíà tó wà lọ́wọ́ aráàlú. Náírà 21 ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé ọ̀kan, wọ́n wá gbé e sí 23. SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, kò fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà kò kúrò lórí ọjà.

Lẹ́tà ò sì lè dé ọwọ́ ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ wa kó wá sí Àbújá nígbà tí iṣẹ́ ìjọba kúrò l'Ékòó, àdírẹ́sì Sùúrùlérè ló sì ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ́jísítírà. Ẹ lọ yí i padà. Ẹ gba fọ́ọ̀mù tí dífídẹ́ǹdì fi máa ń wọ báńkì tààrà, ẹ kún un. Dífídẹ́ǹdì ilé-iṣẹ́ orí ọjà tí ẹnikẹ́ni ò bá gbà fún ọdún 6, òfin ìnáwó 2020 ní kí wọ́n kó o lọ sí àpò àkànṣe kan lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ṣì lè béèrè rẹ̀, àmọ́ ìrìn rẹ̀ á gùn. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ṣíà ti kú, ẹ má jókòó ti ìwé náà. Ẹ lọ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ogún rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ bá rẹ́jísítírà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kan, tí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún bá wà lórí ọjà, kó wo ìròyìn ọdọọdún rẹ̀. Wọ́n ní láti dárúkọ gbogbo ẹni tó ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè. Tí kò bá sí lórí ọjà, CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tó wà ní Maitama, ti ṣí ìwé àwọn tó ń darí ilé-iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà míì, orúkọ ilé-iṣẹ́ míì lẹ máa bá níbẹ̀, ti òkè òkun. Ẹ máa tọpasẹ̀ rẹ̀ lọ.

Èrò tèmi ni pé kí SEC àti FCCPC, tó ń fọwọ́ sí irú ríra báyìí, máa fi í ṣe àdéhùn pé apá kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ aráàlú lórí ọjà. A ti ṣe é rí. Nígbà tí ìjọba dín owó ìtanràn MTN kù sí bílíọ̀nù 330 náírà ní 2016, ara àdéhùn ni pé kí wọ́n wá sọ́jà ṣíà. Wọ́n dé ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2019. Ní ìparí 2021, MTN Group ti South Africa ta mílíọ̀nù 575 ṣíà fún aráàlú, náírà 169 lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ẹnikẹ́ni ní Nyanya lè ṣí ìṣirò MTN kó sì mọ ohun tí wọ́n ń rí lórí wa.

Ní ti Lafarge Africa, nǹkan bí ìdá 16 ló kù tí kò sí lọ́wọ́ Huaxin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ máa ṣọ́ lẹ́tà tó bá dé. Òfin ní kí ẹni tó bá gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sókè nínú irú ilé-iṣẹ́ báyìí kọ̀wé sí àwọn ìyókù pé òun ṣe tán láti ra tiwọn. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ tà. Tí wọ́n bá fi ipá mú yín tàbí tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn tí kò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, ẹ so ẹ̀dà ìwé ṣíà yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí olú iléeṣẹ́ SEC ní Central Area, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa mú padà sílé.