Pápá gọ́ọ̀fù àti ìgbafẹ́ ìta gbangba ní ìkangun àríwá Yúróòpù

Ní ìkangun àríwá Nọ́wè, Swídìn àti Fínlándì, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ fún bí ìdajì ọdún, àwọn èèyàn ń gbá gọ́ọ̀fù. Díẹ̀ nínú àwọn pápá wọn wà lókè Ìlà Áátíìkì, ìyẹn ìlà tó yí ayé ká ní nǹkan bí ìwọ̀n 66.5 àríwá. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ó kéré tán ọjọ́ kan wà lọ́dún tí oòrùn kì í wọ̀, ọjọ́ kan sì wà tí kì í yọ. Ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń fa àlejò wá. Iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀, tí àlejò kì í sáábà rí, ni ti àwọn tó ń tọ́jú koríko.

Ìmọ́lẹ̀ òru

Ní Tromsø, ní àríwá Nọ́wè, oòrùn kì í wọ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún títí di nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù Keje. Pápá gọ́ọ̀fù ìlú náà wà ní Breivikeidet, níbi tí àwọn òkè Lyngen ti hàn lókèèrè, ní ìwọ̀n 69 àríwá. A mọ̀ ọ́n sí pápá oníhò 18 (ihò ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí) tó jìnnà sí àríwá jù lọ láyé. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní agogo mẹ́wàá alẹ́ kó sì parí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ láìtan iná kankan. Ẹ̀san ìmọ́lẹ̀ yìí ni òkùnkùn ìgbà òtútù: láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ síbẹ̀ rárá.

Òtútù ibẹ̀ ì bá le ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ìṣàn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń gba inú òkun Àtìláńtíìkì wá láti ìhà gúúsù ń kọjá létí òkun Nọ́wè. Ìdí nìyẹn tí koríko fi lè hù létí òkun níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ olótùútù ló wà ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn lórí ìwọ̀n kan náà. Pápá Lofoten Links ní erékùṣù Gimsøya jàǹfààní ìṣàn yìí. Ayàwòrán-pápá Jeremy Turner ló ṣe é, wọ́n sì ṣí gbogbo ihò 18 rẹ̀ lọ́dún 2015. Àárín àpáta àti iyanrìn etíkun ni àwọn ihò náà wà, afẹ́fẹ́ òkun sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ní Swídìn, Björkliden ní pápá oníhò 9 lórí òkè, nítòsí ojú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣe láti máa fi kó òkúta irin láti Kiruna lọ sí èbúté Narvik. Ní ìlú Akureyri ní Íslándì, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ Ìlà Áátíìkì, ìdíje Arctic Open ti ń wáyé láti ọdún 1986. Òru oṣù Kẹfà ni wọ́n ń gbá a.

Pápá tó wà ní orílẹ̀-èdè méjì

Èyí tó ṣàrà ọ̀tọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn wà láàárín Tornio ní Fínlándì àti Haparanda ní Swídìn. Ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì gba àárín pápá náà kọjá, àwọn ihò kan wà ní Swídìn, àwọn yòókù wà ní Fínlándì. Nítorí pé aago Fínlándì fi wákàtí kan ṣáájú ti Swídìn, bọ́ọ̀lù tí èèyàn gbá láti Swídìn ní agogo méjìlá lè balẹ̀ ní Fínlándì lẹ́yìn agogo kan.

Ìtàn ààlà yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀fù. Lọ́dún 1809, Swídìn pàdánù Fínlándì sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Wọ́n fi odò Torne ṣe ààlà, àmọ́ wọ́n ka Tornio mọ́ ìpín Rọ́ṣíà bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ìwọ̀-oòrùn odò ló wà. Swídìn wá tẹ Haparanda dó sí òdìkejì kí òun náà lè ní ìlú ọjà. Àwọn ará ìlú méjèèjì ti ń wọ ilé ara wọn tipẹ́. Pápá kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì bá ìgbé ayé wọn mu.

Koríko lábẹ́ omi dídì

Yìnyín rírọ̀ tó bo koríko kì í pa á; ó tilẹ̀ ń dáàbò bò ó. Ewu wà nígbà tí ooru díẹ̀ bá dé láàárín ìgbà òtútù, tí òjò rọ̀, tí omi náà sì dì padà bíi díńgí. Afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé mọ́. Gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń mí síbẹ̀, wọ́n á lo ọ́síjìn tó kù tán, gáàsì olóró á sì kóra jọ. Koríko Poa annua kì í pẹ́ kú sábẹ́ irú omi dídì bẹ́ẹ̀. Àwọn ìran koríko Agrostis máa ń fara dà á pẹ́ jù ú lọ. Olùtọ́jú pápá á fọ́ omi dídì náà, tàbí kó fọ́n iyanrìn dúdú sí i kí ó lè fa ooru oòrùn. Bí koríko bá kú, gbígbìn tuntun á jẹ púpọ̀ nínú àsìkò kúkúrú tí wọ́n ní. Àjọ ìwádìí NIBIO ti Nọ́wè wà lára àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀ràn yìí, èyí tó túbọ̀ ṣe pàtàkì bí òjò àárín ìgbà òtútù ṣe ń pọ̀ sí i.

Ìrìn òkè àti ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn

Gọ́ọ̀fù kéré sí ìrìn òkè, ẹja pípa, síkì àti èso igbó kíká lójú àwọn ará ibẹ̀. Ọgbà ìjọba Abisko ní Swídìn ti wà láti 1909; ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Kungsleden ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn tó nǹkan bí kìlómítà 440 títí dé Hemavan. Òfin Nọ́wè ọdún 1957 gbà kí ẹnikẹ́ni rìn nínú igbó àti lórí òkè tí a kò dáko sí, ẹni tó bá sì pàgọ́ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 150 sí ilé tí èèyàn ń gbé. Ní Fínlándì, owó tí èèyàn rí lórí títa èso igbó tó fọwọ́ ara rẹ̀ ká kò ní owó orí.

Ilẹ̀ yìí kan náà ni àwọn Sámi, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń da réńdíà, ẹran oníwo tó jọ àgbọ̀nrín, iṣẹ́ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn. Arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ fara jìnnà sí agbo ẹran náà, pàápàá nígbà ìrúwé tí wọ́n ń bímọ, kí ó sì fi okùn so ajá rẹ̀, torí pé ìyá ẹran tí ẹ̀rù bà lè sá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.